Ẹ̀dá ìtàn mi pa orúkọ ara ẹ̀ dà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó kà á ní ọ̀dẹ̀ ni

Àdùkẹ́Kubwa:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Mò ń kọ ìtàn kan, Kubwa l'Ábùjá níbí ni mo gbé e kalẹ̀ sí. Bọ̀bọ́ yẹn ń jẹ́ Fáṣọlá, ibi tó ti lọ ṣe íntáfíù ni wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé babaláwo ni, inú bí i, kò délé kò bi bàbá ẹ̀, kọ́ọ̀tù ló gbà lọ tààrà, ó búra, ó di Olúṣọlá. Àwọn tí mo fún kà ní kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ ronú fún oṣù mẹ́ta. Tó bá ronú oṣù mẹ́ta, ìtàn wo ló wá kù?

BàbáÌbejìNyanya:
Má yọ ìwàǹwára ẹ̀ yẹn jàre àbúrò. Kàkó inú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938 ńkọ́? Obìnrin ẹ̀ dì mọ́ ọn pé òun ò ní jẹ́ kó lọ, àdá ló fi dá a lóhùn, a ò sì tìtorí ẹ̀ sọ ìwé yẹn nù. Àmọ́ tìẹ yìí, mi ò tíì rí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Yẹ̀yẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í gbéèyàn dé kọ́ọ̀tù.

Ayékòótọ́:
Fẹlá náà yọ Ransome, ó fi Aníkúlápó sí i, ta ló pè é lọ́dẹ̀?

BàbáÌbejìNyanya:
Fẹlá mọ ohun tó ń ṣe. Bọ̀bọ́ yìí ò mọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Ará_Lugbe:
Èmi ni Fáṣọlá yẹn o 😂 Wòlíì kan ló ní Fá yẹn ló ń dí mi lọ́nà. Kọ́ọ̀tù ò gbà mí tó wákàtí kan, mo gbé e sínú ìwé ìròyìn, mo rò pé ó parí. Ha! NIN ń jẹ́ ọ̀tọ̀, BVN ń jẹ́ ọ̀tọ̀, sátífíkéètì WAEC ń jẹ́ ọ̀tọ̀, ọmọ báńkì kan wojú mi ó ní ta ni mí gan-an. Màlámù onísúyà àdúgbò wa ṣì ń pè mí ní Fasola dòní. Bàbá mi ò tiẹ̀ bá mi jà, ìyẹn ló dùn mí jù. Àjàní tó jẹ́ oríkì mi ló kàn ń pè mí, títí tó fi kú kò dárúkọ kankan fún mi mọ́.

Àdùkẹ́Kubwa:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọ̀rọ̀ oríkì yẹn, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n fi sínú ìtàn mi?

Ará_Lugbe:
Fi sí i. Ṣáà má pè é ní Àjàní.