Èsì sí “ọ̀dà afojúigihàn”: rírẹ ni a ń rẹ jìtá, a kì í kùn ún lọ́dà

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín. Láti ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti béèrè orúkọ tí a lè pe iṣẹ́ tí ó ń ṣe lára jìtá onígi rẹ̀, ìyẹn ni kí àwọ̀ pupa wọ igi náà síbẹ̀ kí ìlà ara igi má bò, ni mo ti ń ka ìdáhùn yín láìfọhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa kan dábàá “ọ̀dà afojúigihàn”, tí àwọn mẹ́ta sì ti ń kí i kú làákàyè, mo ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

N kò bá “afojúigihàn” jà. “Ọ̀dà” ni ó bí mi nínú (ẹni tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní “ọ̀dá” ti sọ jìtá di ilẹ̀ tí òjò kọ̀). Ohun tí a fi ń bo ojú nǹkan ni ọ̀dà. Èyí tí ó bá fi ojú igi hàn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Gibson, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe jìtá, ṣe ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbé jìtá Les Paul jáde ní 1952, àwọ̀ wúrà ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà nìyẹn, n kò jiyàn. Ní 1958 ni wọ́n wá yí i padà sí pupa tí ó ń ṣí di àwọ̀ ìyeyè láàrin, ìlà igi maple sì yọ síta, ti òmíràn dà bí ahọ́n iná. Oòrùn ti mú kí pupa ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣá, bí aṣọ aláró ti ń ṣá.

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá wà nílé. Kí ni àdìrẹ bí kò ṣe à-dì-rẹ, ohun tí a dì kí a tó rẹ ẹ́? Aláró ni ìyá tí ó bí ìyá mi ní Ìtòkú, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé àwọn kun aṣọ. Arákùnrin wa tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí fi sánpépà dán ara igi, ó fi omi díẹ̀ pa á lára kí irun igi lè dìde, ó tún un dán, kí ó tó fi àkísà tí ó tẹ inú aró nù ún. Igi ń mu aró náà, ibi tí ó rọ̀ ń mu ju ibi tí ó le lọ, èyí gan-an ni ó sì ń mú kí ìlà rẹ̀ hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí gúlù bá ta sí kò ní mu ún, yóò funfun gbòò, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ̀kọ láfún bá wà lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ṣé a tún ń wá ẹlẹ́rìí mìíràn ni?

Ẹni tí ó kọ “ìrẹ́gi” lọ́jọ́ Ẹtì sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àmì ohùn kan ṣoṣo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Rẹ́ ni a ń rẹ́ ẹ̀ka igi. Rẹ́ yìí náà ni ó ń dún nínú parẹ́. Àmì òkè yẹn ni ó wà láàrin jìtá tí ìlà rẹ̀ ń hàn àti èyí tí ìlà rẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá, nítorí náà ìrẹgi ni, ohùn àárín ni kí ẹ fi pè é.

Ní ti ẹni tí ó ní “iṣan igi” ni kí a máa pe ìlà, mo gbà pé omi ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí igi wà láàyè, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń rí i, ìlà sì ni ojú ń rí, bí kò tilẹ̀ sí olóòlà tí ó kọ ọ́. Kò ní gbà, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń fa irú èyí.

Ibi kan ṣoṣo ni ẹ ti lè mú mi. Fínfín, bí a ti ń fín oògùn ẹ̀fọn, ni wọ́n fín pupa ti 1958 yẹn mọ́ fáníìṣì sórí igi, igi kò mu ún, nítorí náà “rẹ” kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ fún un kí ó mú un wá, kí ó ṣáà má ti ní ọ̀dà nínú.