Ṣé kí n da omi sí wisikí ọdún 25 yìí?

Ẹ̀yin àgbà ọ̀mu, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgò Glenfarclas ọdún 25 ta mí lọ́rẹ. Ọtí Speyside ní Skọ́tílándì ni, ọwọ́ ẹbí Grant ni ilé ìpọntí náà sì wà láti 1865. Inú àgbá tó ti gba ṣẹ́rì (ọtí wáìnì líle ti Sípéènì) rí ni wọ́n ti jẹ́ kó gbó.

Òórùn rẹ̀ nìkan tó jókòó tì: èso àjàrà gbígbẹ, èèpo ọsàn, ẹ̀pà yíyan, àti nǹkan kan bí awọ tuntun. Tó bá dé ẹnu, adùn ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn. Àmọ́ tí mo bá gbé e mì tán, ìkorò igi á dúró sẹ́yìn ahọ́n, ẹnu á gbẹ bí ìgbà téèyàn jẹ orógbó.

Mo mọ̀ pé ọtí tó bá pẹ́ nínú àgbá á fa ìkorò igi mu. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, ṣé ẹ̀kán omi díẹ̀ á mú un rọ̀, àbí á kàn sọ ọ́ di omi lásán ni? Ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni agbára rẹ̀, kò kúkú le jù. Ẹnìkan ní kí n jẹ́ kó sinmi nínú ife fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹlòmíràn ní yìnyín (yìnyín kẹ̀!).

Ife ẹlẹ́nu tóóró ni mò ń lò. Ìgò náà sì ti ń lọ sí ìdajì: ṣé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ní bà á jẹ́ kí ọdún Kérésì tó dé?