Nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ oògùn: kí ni ojú yín ti rí?

Àdùkẹ́ Maryland: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta, mo sì mú wọn lọ gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Nurse practitioner, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí ó kàwé sí i títí ó fi lè yẹ aláìsàn wò kí ó sì kọ oògùn, ni ó yẹ̀ wọ́n wò, òun náà ni ó sì yí oògùn wọn padà. Bí a ṣe jáde, wọ́n ní àwọn kò ní lo oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ, àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2015 ni òfin ìpínlẹ̀ Maryland níbí ní Amẹ́ríkà kò ti béèrè pé kí nurse practitioner ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà mọ́ kí ó tó kọ oògùn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

Bọ̀dé Houston: Ọ̀rọ̀ Texas yàtọ̀. Níhìn-ín, wọn kò lè kọ oògùn láìsí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú dókítà. Bóyá ọ̀dọ̀ wa ni màmá ì bá wá.

Ìyá Ìbejì, Peckham: N kò dá màmá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Àtọ̀gbẹ ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ nurse practitioner. Dókítà tí mo ń rí tẹ́lẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ó kàn ń sọ pé kí n dín ṣúgà kù, èmi tí n kì í fi ṣúgà sí tíì. Obìnrin yìí ni ó bi mí bí òkèlè mi ṣe ń tóbi tó, àti irú oúnjẹ tí mo ń jẹ kí n tó lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Kò ní kí n má jẹ ẹ̀bà mọ́; ó ní kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ṣúgà ti wálẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi mí ní ẹni tí mo fẹ́ rí, òun ni mo ń dárúkọ.

Láńre: Owó ńkọ́? Ṣé iye kan náà ni a ń san?

Bọ̀dé Houston: Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ń san ìdá 85 nínú 100 iye tí ó ń san fún dókítà. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi ń yọ lápò ara mi kò yàtọ̀ rárá.

Láńre: Ohun tí ó ń bí mi nínú nìyẹn. Àyà ń dun ẹ̀gbọ́n mi, nurse practitioner kan kọ oògùn ọgbẹ́ inú fún un, ó ní kí ó lọ sinmi. Kò pẹ́ tí a fi gbé e dìde lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tí dókítà ọkàn sì rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dí. Ẹ̀gbọ́n yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, 500 wákàtí lọ́dọ̀ aláìsàn ni ó kéré jù tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ń béèrè, nígbà tí dókítà ìdílé ń fi ọdún 3 kọ́ṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí ó ti gboyè. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọgbọọgba ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ pẹ̀lẹ́. Dókítà gidi ni ó fún ọkọ mi ní oògùn ibà nígbà tí kíndìnrín ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé: Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Láńre, ẹ kò purọ́ nípa wákàtí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́ kí a tó padà sí yunifásítì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àyà ń dun òun níwájú mi, ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn ni mo ń kọ́kọ́ béèrè fún. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ dókítà, ó kùnà. Ní 1965 ni Loretta Ford tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Henry Silver, dókítà ọmọdé, dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, nítorí àwọn ọmọdé tí kò rí dókítà nítòsí. Àwọn bàbá Yorùbá ni ó ń ṣòro fún mi jù. Màá yẹ̀ wọ́n wò, màá ṣàlàyé, wọn yóò dúpẹ́ gan-an, wọn yóò wá ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni dókítà ń bọ̀?” Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kì í bá wọn jiyàn.

Ọmọ Ìbàdàn: Ó yà mí lẹ́nu. Ní ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù wa nílé, CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, Community Health Extension Worker) ni ó ń tọ́jú wa, ìwé Standing Orders rẹ̀ tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí ìtọ́jú wà lórí tábìlì, a kì í sì í béèrè dókítà.

Àdùkẹ́ Maryland: Ní àdúgbò tiwa, ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ funfun tí ó sì mọ abẹ́rẹ́ gún ni a ń pè ní nọ́ọ̀sì, bí kò tilẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rí. Irú wọn ni màmá ń rántí.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ má fi wọ́n wé CHEW o! CHEW lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì ní ìwé ẹ̀rí.

Láńre: Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí ẹni tí ó wọlé sọ ipò rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yẹn, dókítà ni a rò pé ó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé: Ní ti ìyẹn, ẹ jàre. Àdùkẹ́, ẹ pe ọ́fíìsì wọn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kí dókítà bá màmá sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí màmá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró kí dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀.