Ṣé mo lè kọ "organic" sára pátákó ilé oúnjẹ mi?

Ìyá Onílàfún
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, oorun mi ò já gaara láti ọjọ́ Àìkú.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta oúnjẹ nítòsí Pànṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta: làfún àti ewédú, ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ̀fọ́ rírò, adìẹ ìbílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ṣe pátákó tuntun fún mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé "OÚNJẸ ORGANIC NÌKAN LA Ń TÀ". Inú mi dùn sí i. Èrò tèmi ni pé oúnjẹ wa kì í ṣe ti inú agolo, ọwọ́ àgbẹ̀ ni mo sì ti ń ra ẹ̀fọ́. Àfi bí oníbàárà kan tó ti òkè òkun dé ṣe jẹun tán lọ́jọ́ Àìkú tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ̀rí wo lẹ ní? Níbi tí mò ń gbé, ohun tí wọn ò fi oògùn àti ajílẹ̀ kẹ́míkà gbìn ni wọ́n ń pè ní organic, wọn kì í ṣàdédé kọ ọ́." Kò fi ìwọ̀sí sọ ọ́ rárá. Mi ò ṣá rí èsì fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gba oko ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ fún mi lọ, létí odò. Mo bá a tó gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fín ebè ṣọkọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ewé náà tutù, ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì ta sí mi nímú bí oògùn ẹ̀fọn. Mo ní ìgbà wo ló máa já a? Ó ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé la sì wà yẹn. Ẹ̀fọ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn o!

Mi ò tíì gbé pátákó náà kọ́. Ṣé òfin wà lórí ẹ̀? Kí ni mo lè kọ tí kò ní jẹ́ irọ́?

Wolé-wolé Àtijọ́
Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Òfin wà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba ọlọ́jà láyè láti fi irọ́ polówó ọjà rẹ̀, ìbáà ṣe lẹ́nu tàbí lára pátákó. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ FCCPC ló ń mójú tó o. Kò dìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀fọ́ tàbí organic sínú òfin náà kó tó kàn yín.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ gba nọ́ńbà NAFDAC. Oúnjẹ tí a dì fún títà ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe làfún inú àwo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa di ọ̀fadà sínú ọ̀rá, tí ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ ọn, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn nìyẹn. Àwa wolé-wolé, ìmọ́tótó ilé ìdáná là ń wò. Ojú lásán ò lè mọ ẹ̀fọ́ tó mu oògùn.

Ọlọ́jà Kútọ̀
Ẹ gbé pátákó yín kọ́ jàre. Ta ni wọ́n ti mú rí?

Ìyá Onílàfún
Ẹ̀gbọ́n, bí wọn ò tilẹ̀ mú mi, mo ti rí oògùn yẹn lára ewé. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọmọ Ìbarà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ilé ìdáná ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe òfin organic tiwọn, ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Wọn kò sọ ọ́ di dandan kí ilé oúnjẹ gba ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pè ní organic, ọ̀dọ̀ ẹni tó níwèé ẹ̀rí la gbọ́dọ̀ ti rà á. A ò gbọdọ̀ kó o pọ̀ mọ́ èyí tí kì í ṣe organic nínú fíríìjì, bẹ́ẹ̀ la ò gbọdọ̀ gé méjèèjì lórí pákó kan náà láìfọ̀ ọ́. Ọdún 3 la fi ń tọ́jú ìwé ọjà. A ò sì lè lẹ òǹtẹ̀ USDA, ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, mọ́ oúnjẹ tí àwa fúnra wa sè.

Tòmátì nìkan ló jẹ́ organic nínú sàláàdì wa kan. "Tòmátì organic" náà ni ọ̀gá wa kọ, kò kọ "sàláàdì organic".

Àǹtí Hamburg
Ti Jámánì le jùyẹn lọ. Ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ kọ "Bio", orúkọ tí wọ́n ń pe organic níbí, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aṣàyẹ̀wò wá tú ìwé àti sítọ́ọ̀ rẹ̀ wò. Láti 2023 ni wọ́n ti ní àmì mẹ́ta, wọ́n ń wo iye tó jẹ́ ti Bio nínú owó tí ẹ fi ra èlò oúnjẹ: idẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, fàdákà láti 50, wúrà láti 90. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ẹni tó ṣe díẹ̀ lè sọ pé díẹ̀ lòun ṣe.

Àgbẹ̀ Odẹ̀dá
Mà, ẹ má bínú sí àgbẹ̀ yẹn jù. Kòkòrò ń jẹ ṣọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin oníbàárà ò ní ra ewé tó lu. Ẹ ní kó ka ara ike oògùn yẹn fún yín: iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó kórè wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti organic, kì í ṣe pé a ò fín oògùn lọ́sẹ̀ yìí. Nínú ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń sọ lókè yìí, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 láìrí ajílẹ̀ NPK àti oògùn koríko. Ìgbẹ́ adìẹ tútù pàápàá ní òfin tirẹ̀: bí ohun tí à ń jẹ bá ń kan ilẹ̀, oṣù 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí a da ìgbẹ́ náà àti ìgbà ìkórè.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbílẹ̀ kì í ṣe organic. Ọ̀pọ̀ oko ọ̀fadà àti oko ẹ̀gẹ́ ló ń mu oògùn koríko, ẹ̀gẹ́ yẹn náà la fi ń ṣe làfún. Bí ẹ bá ń ta ẹ̀wà, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Nítorí àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò Sniper sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ wà lára ohun tí NAFDAC rò tó fi fòfin de títà ike kékeré rẹ̀ ní 2019.

Ẹ wá NOAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀gbìn organic ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ètò kan tí àwọn àgbẹ̀ fi ń yẹ oko ara wọn wò, kò wọ́n bíi ti aṣàyẹ̀wò òkè òkun. Ẹ tún lè béèrè ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà.

Ìyá Onílàfún
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka ike náà fún àgbẹ̀ mi, àwa méjèèjì la jọ kà á. Ọjọ́ 7 ló wà níbẹ̀, ọjọ́ 4 ló ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Ó ti gbà láti máa dúró, èmi náà sì gbà pé mo máa ra ewé tó lu díẹ̀.

Mo ti ní kí ọmọ mi fi ọ̀dà pa "organic nìkan" rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Làfún, ọ̀fadà, ẹ̀fọ́ tútù. Ẹ bi wá níbi tí a ti rà á." Mo ra ìwé kan tí mò ń kọ ọjà sí: ọjọ́ tí mo rà á, ọwọ́ ẹni tí mo ti rà á, oògùn tó fín àti ọjọ́ tó fín in. Ìwé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò.

Àgbẹ̀ Odẹ̀dá, ṣé ẹ ní tẹ̀tẹ̀ ní báyìí? Mo fẹ́ wá wo oko yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.