Ìmọ̀ràn: kọnẹ́tọ̀ wáyà yẹ́lò mẹ́ta ti yọ́ lára alùpùpù, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹsẹ̀Méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wáyà. Kọnẹ́tọ̀ oníhò mẹ́ta tí wáyà yẹ́lò mẹ́ta láti ara kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì (èyí tó ń mú iná wá) fi ń wọ rẹ́gúlétọ̀ (èyí tó ń sọ iná náà di èyí tí bátìrì lè gbà) ti yọ́. Ihò àárín ti dúdú, akọ àti abo ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn kò ṣeé fà yà mọ́. Alùpùpù ṣì ń sítáàtì, àmọ́ tí mo bá tan iná iwájú, 12.9 fóòtì ni mítà ń kà lórí bátìrì, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń sáré. Ṣé kí n wá kọnẹ́tọ̀ tuntun ni, àbí kí n gé e dànù kí n fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀? Tó bá jẹ́ tuntun, tẹ́mínà (irin ẹnu wáyà tó ń wọ inú kọnẹ́tọ̀) oníwọ̀n wo? Àbí rẹ́gúlétọ̀ gan-an ló bàjẹ́ tó fi yọ́?

AkọÀtAbo

Ẹ má tíì fọwọ́ kan rẹ́gúlétọ̀. Kọnẹ́tọ̀ yẹn lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Abo ló ń di akọ mú nínú rẹ̀. Ètè abo méjèèjì ká wọlé, wọ́n sì ń tẹ akọ bíi sípíríǹgì. Bí alùpùpù ti ń gbọ̀n, tí omi sì ń wọ ibẹ̀, ètè yẹn á dẹ̀ díẹ̀, ojú irin á dógùn-ún díẹ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà á há. Ibi tó há ló ń gbóná. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ìdènà 0.1 óòmù péré bá wà níbẹ̀, tí 15 ámpù sì ń gbabẹ̀ kọjá, 15 × 15 × 0.1 jẹ́ 22.5 wáàtì. Irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì tó kéré kì í sábà ju 25 wáàtì lọ. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ ki irú irin bẹ́ẹ̀ bọ inú rọ́bà tó kéré ju àtàǹpàkò lọ, tí ẹ sì fi síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ooru yẹn á tún pa sípíríǹgì abo, ètè á tún dẹ̀, ìdènà á tún pọ̀ sí i.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Rẹ́gúlétọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, irú tí wọ́n ń pè ní shunt, kì í dín iná tí kọ́ìlì ń mú wá kù. Ńṣe ló ń so wáyà yẹ́lò pọ̀ mọ́ra wọn láti dá èyí tó ṣẹ́kù padà sínú kọ́ìlì. Nítorí náà, bí ẹ pa iná iwájú, bí ẹ kò pa á, ẹrù kan náà ni kọnẹ́tọ̀ yẹn ń rù. Pípa iná kì í dín gbígbóná rẹ̀ kù.

ÌyáMítà

Òótọ́ ni AkọÀtAbo sọ, àmọ́ kọ́ìlì gbọ́dọ̀ ṣẹ̀rí ara rẹ̀ kí ẹ tó dá a láre. Ìgbà tí ẹ bá gé kọnẹ́tọ̀ tó jóná kúrò ni àyè rẹ̀ yọ jù, torí ẹnu wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé mítà sí 200 óòmù, ẹ so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ wo ohun tó kà. Ó lè jẹ́ 0.2 tàbí 0.3. Ti okùn mítà fúnra rẹ̀ nìyẹn, ẹ ó máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kà lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn náà ẹ wọn yẹ́lò kìíní sí èkejì, èkejì sí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta sí ìkíní. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.2 sí 1.0 óòmù. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wá wọn yẹ́lò kọ̀ọ̀kan sí irin ara ẹ́ńjìnnì: mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan rárá. Tó bá ka ohunkóhun, kọ́ìlì ti jóná, ó ti ń kan irin, kò sí kọnẹ́tọ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ó wá ku tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé mítà sí AC 200 (fóòtì iná tó ń lọ tó ń bọ̀), kí wáyà yẹ́lò má kan rẹ́gúlétọ̀, kí wọ́n má sì kan ara wọn. Ẹ sáré ẹ́ńjìnnì dé nǹkan bí 5,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín wáyà méjì-méjì, 50 sí 70 fóòtì ni ẹ sábà máa ń rí. Tí méjì bá ka 60, tí ẹ̀kẹta ka 35, kọ́ìlì ló ṣẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o, iná yìí lè gbé ènìyàn.

Ẹ lè yọ wáyà yẹ́lò kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹnu bátìrì ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Fóòtì á ru sókè lójijì, gílóòbù àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

WáyàPupa

Tí kọ́ìlì bá mọ́, kọnẹ́tọ̀ tuntun ni kí ẹ lọ fún. Tẹ́mínà pẹlẹbẹ tí akọ rẹ̀ fẹ̀ ní 6.3 mìlímítà ni ẹ ń wá, akọ mẹ́ta, abo mẹ́ta, àti ilé rọ́bà oníhò mẹ́ta tó ní ìkọ́ ìdè. Ẹ mú èyí tó ní rọ́bà ìdènà omi tí ẹ bá rí i. Ẹ ra tẹ́mínà méjì-mẹ́ta lé e, torí ẹ ó ba ọ̀kan jẹ́ kí ọwọ́ yín tó mọ́ ọn. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀, kí ìwọ̀n wáyà tó ń gbà bá tiyín mu. Wáyà yẹ́lò sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 2 sí 2.5 mìlímítà níbùú-lóròó. Tẹ́mínà tí wọ́n ṣe fún wáyà 0.5 sí 1 kò ní dì í mú.

Ẹ yọ nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé kọnẹ́tọ̀ kúrò, kí ẹ sì bó rọ́bà ara wáyà díẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Ooru ti gba inú wáyà sẹ́yìn, bàbà inú rẹ̀ á ti dúdú bí èédú lábẹ́ rọ́bà tó dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ máa gé e sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́ẹ̀kan, títí bàbà á fi pọ́n tí á máa dán. Nígbà mìíràn ẹ ó gé tó 4 tàbí 5 sẹ̀ǹtímítà. Tí wáyà bá wá kúrú jù, ẹ fi wáyà 2.5 tuntun mú un gùn. Ó sàn kí ẹ mú un gùn ju kí ẹ ti tẹ́mínà tuntun bọ bàbà dúdú.

Ẹ kọ́kọ́ ti rọ́bà ìdènà omi wọ wáyà ná. Ẹni tó bá gbàgbé á tẹ tẹ́mínà tán, á tún gé e. Ẹ bó 5 sí 6 mìlímítà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ gé fọ́nrán bàbà kankan. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹ́mínà, ìyẹ́ méjì-méjì ló ní: ìyẹ́ iwájú ń di bàbà mú, ìyẹ́ ẹ̀yìn ń di rọ́bà mú. Ti ẹ̀yìn yẹn ni kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n dé ara bàbà. Ẹ̀mú tí wọ́n dìídì ṣe fún tẹ́mínà ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, irú tí ẹnu rẹ̀ máa ń ká ìyẹ́ méjèèjì padà sínú, kí wọ́n gún inú bàbà. Ẹ̀mú lásán kàn máa ń tẹ ìyẹ́ pẹlẹbẹ ni, bí ọdún kan bá fi máa yí po, ẹ ó tún wà níbi tí ẹ wà lónìí.

Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ wò ó dáadáa: ẹnu bàbà yọ bíi mìlímítà kan síwájú ìyẹ́ àkọ́kọ́, láàárín ìyẹ́ iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ rí bàbà díẹ̀ àti etí rọ́bà, kò sí fọ́nrán kan tó yà síta. Ẹ wá fà á tagbáratagbára. Tó bá já, ẹ dúpẹ́ pé ọwọ́ yín ló ti já, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Tó bá dúró, ẹ tì í wọ ilé rọ́bà títí ẹ ó fi gbọ́ “kọ́”, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ láti mọ̀ pé eyín rẹ̀ ti mú.

Lẹ́ẹ̀dìJó

Gbogbo wàhálà yìí! Ibi tí kò bá sí kọnẹ́tọ̀, kò sí ohun tó máa yọ́. Ẹ lọ́ wáyà mọ́ra, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o, ẹ ki rọ́bà tí ń sún kì bò ó, irú tí gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Kí oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má wà lójú kan náà: ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bíi 3 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí èkejì. Èyí kò há, kò fẹ̀, iná á kọjá fẹ́rẹ́gẹ́dẹ́.

WáyàPupa

@Lẹ́ẹ̀dìJó, mi ò ní kò ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ sọ ìyókù fún un. Bàbà tó ti dúdú kò gba lẹ́ẹ̀dì, á kàn yí lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò ni. Lẹ́ẹ̀dì máa ń fà wọ inú fọ́nrán, wáyà á le bí irin ní ibi tó fà dé, etí ibi tó ti le yẹn gan-an ni gbígbọ̀n ti máa ń ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jó o gbọ́dọ̀ di wáyà náà mọ́ férémù ní apá méjèèjì kí oríkèé má lè mì. Ní ọjọ́ tí rẹ́gúlétọ̀ bá kú, ọ̀bẹ ni yóò fi yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 (tánganran 60, òjé 40) sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní 183 °C, ẹni tí oríkèé rẹ̀ kò bá dára kò jìnnà sí i.

Kí ẹ má sì da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó tẹ tẹ́mínà tán tó tún da lẹ́ẹ̀dì lé e ti mú àléébù lẹ́ẹ̀dì kún un, kò sì rí èrè kankan gbà.

Lẹ́ẹ̀dìJó

Dídì í mọ́ férémù, mo gbà. Èmi ṣì máa jó tèmi.

AkọÀtAbo

Ẹ má lo kọnẹ́tọ̀ onísíkúrù tí wọ́n fi ń so iná ilé. Gbígbọ̀n á tú u, á sì tún yọ́. Èyí tí a kàn ń pa dé lórí wáyà láì bó o náà kò dára níbí, torí ńṣe ló ń gé lára fọ́nrán. Lílọ́ wáyà mọ́ra kí a wá fi téèpù dì í, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ti kọnẹ́tọ̀ yòókù tí kò tíì yọ́ àmọ́ tó ti ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé, ẹ má fi sáńpépà ha á. Tánganran fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo tẹ́mínà lẹ ó ha kúrò, á wá dógùn-ún kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fọ́n oògùn tí a fi ń nu kọnẹ́tọ̀ sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nù ún, kí ó gbẹ. Gíríìsì kọnẹ́tọ̀, irú ti silicone, ẹ fi díẹ̀ sí ẹnu ilé rọ́bà àti rọ́bà ìdènà omi. Kì í gbé iná, omi ló ń lé, ẹ má rò pé yóò tún tẹ́mínà tó ti dẹ̀ ṣe. Abo tó bá ń gba akọ wọlé wẹ́rẹ́ láì fún un, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

@Ẹsẹ̀Méjì, ẹ má da ara yín láàmú lórí èwo nínú yẹ́lò mẹ́ta ló ń lọ sí ihò wo. AC ni wọ́n, bí ẹ ṣe tò wọ́n kò yí nǹkan kan padà. Kọnẹ́tọ̀ kejì tó ń jáde lára rẹ́gúlétọ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ dà rú: pupa jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ́ẹ̀tì (wáyà nẹ́gétíìfù tó ń kan irin férémù) sì jẹ́ àwọ̀ ewé lára Honda, dúdú lára Yamaha, dúdú onílà funfun lára Suzuki. Tí ẹ bá tò wọ́n sódì, rẹ́gúlétọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀Méjì

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo gé 4 sẹ̀ǹtímítà kí bàbà tó pọ́n. Óòmù: 0.5, 0.5, 0.5, kò kan ara ẹ́ńjìnnì. AC: 62, 61, 62. Mo ti tẹ tẹ́mínà 6.3 tuntun sí i. Ní báyìí, pẹ̀lú iná iwájú, 13.4 ni bátìrì ń kà ní 5,000. Kọnẹ́tọ̀ kò gbóná lọ́wọ́. Ṣé 13.4 tó?

ÌyáMítà

Ó ti kúrò nínú ewu, àmọ́ 13.5 sí 14.5 ni à ń wá, nǹkan díẹ̀ ṣì ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì ní 5,000, iná iwájú ní títàn, mítà sí DC 20 (fóòtì irú iná ti bátìrì). Ẹ fi ẹnu mítà kan sí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ ki èkejì wọ ẹ̀yìn kọnẹ́tọ̀ níbi tí wáyà pupa ti jáde lára rẹ́gúlétọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín nẹ́gétíìfù bátìrì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ́gúlétọ̀. Ohun tó bá ju 0.2 tàbí 0.3 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń jí iná.

Ẹsẹ̀Méjì

Pupa 0.1. Ẹ́ẹ̀tì 0.6!

ÌyáMítà

Ó ti mú un. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti fi bóòtù de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ férémù. Ọ̀dà tàbí ìpẹtà ló máa wà lábẹ́ tẹ́mínà olóruka rẹ̀. Ẹ ha ojú férémù níbẹ̀ títí irin á fi funfun (ibí yìí ni sáńpépà wúlò), ẹ pààrọ̀ olóruka náà tó bá ti dúdú, ẹ dè é le, ẹ wá fi gíríìsì bò ó láti òkè. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀lé férémù lè fa wáyà 2.5 mìlímítà kan tààrà láti ẹ́ẹ̀tì rẹ́gúlétọ̀ lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ tún wọn 0.6 yẹn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹsẹ̀Méjì

Ọ̀dà ni lóòótọ́, wọ́n kùn ún mọ́ abẹ́ olóruka. Ẹ́ẹ̀tì ti di 0.1, bátìrì 13.9.

WáyàPupa

Ẹ di wáyà yẹ́lò mọ́ férémù kí ó jìnnà sí ooru ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ó má nà tàntàn. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan tí ẹ bá ti gun alùpùpù náà, ẹ fọwọ́ kan kọnẹ́tọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.