"Àtúnrìn" kò tó: lórí orúkọ ìlànà ìtọ́jú lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á pe ìwé tí àwọn físíò (àwọn tó ń fi ìdáraya tọ́jú ara, physiotherapist) ń tẹ̀ lé fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlù ní "Òfin Àtúnrìn". Ẹ̀gbọ́n wa tó mú àbá náà wá ní "mobility", ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń gbé ara rẹ̀ kiri, ni òun ń wá Yorùbá fún, àti pé ohun tí ẹbí aláìsàn kọ́kọ́ máa ń bi dókítà ni: "Ṣé yóò tún rìn?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì bá bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu: àtúnṣe, àtúnkọ, àtúnbí. Síbẹ̀ mi ò lè fọwọ́ sí i, nítorí pé iṣẹ́ tí ìwé náà ń darí ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ aláìsàn tó kan ilẹ̀.

Ẹ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan tí àwọn físíò mọ̀ dáadáa ni ti Rivermead (Rivermead Mobility Index), tó jáde ní 1991. Ìbéèrè 15 ló wà nínú rẹ̀. Èkíní: ṣé aláìsàn lè yí ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ lórí ibùsùn láìsí ìrànlọ́wọ́? Èkejì: ṣé ó lè dìde láti ìdùbúlẹ̀ kó jókòó sí etí ibùsùn? Lẹ́yìn náà ló kan jíjókòó láìdi nǹkan mú, dídìde lórí àga, dídúró láìfara ti nǹkan, àti kíkúrò lórí ibùsùn bọ́ sórí àga. Ìbéèrè 6 ti kọjá, a ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ìrìn! Bí a bá wá sọ ìwé náà ní àtúnrìn, ìyá tó ti ń dá yí ara rẹ̀ padà lóru, tó ti ń jókòó jẹun láìṣubú, yóò máa rò pé òun ò tíì kúrò lójú kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà á máa rò bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí láti ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fọwọ́ ara wa ṣẹ̀dá ló fà á.

Àbá tèmi ni àtúngbéra. "Gbéra" la ń sọ fún ẹni tó dìde nílẹ̀, òun náà la ń sọ fún ẹni tó mú ọ̀nà pọ̀n: "Wọ́n ti gbéra ní Ìbàdàn." Ó gba orí ibùsùn, ó gba ojú títì. Ẹnì kan bẹ̀rù pé yóò jọ ìgbéraga létí. Ṣùgbọ́n a ń sọ "ẹ jẹ́ ká gbéra" lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń rántí agbéraga. Ìgbòkègbodò tí àwọn kan dábàá kò bá a mu rárá, tọkọ̀ àti tọjà nìyẹn.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀. Aláìsàn ló ń gbéra. Ẹlòmíràn ló ń gbé e dìde. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ méjèèjì. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí ìlànà wa náà yà wọ́n sọ́tọ̀, torí bí wọ́n bá ń fa apá tó ti rọ láti fi gbé ènìyàn dìde, oríkèé èjìká lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ lára.

Ní ti "òfin", ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìlànà ìtọ́jú tó. NICE, àjọ tó ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (England), kì í lo "must" àfi ibi tí òfin bá ti de ènìyàn, tàbí tí ewu ibẹ̀ bá le gan-an. "Offer" ni wọ́n ń lò níbi tí ẹ̀rí bá ti lágbára, wọ́n á sì lo "consider" níbi tí ẹ̀rí ò bá ti rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ ìwé náà tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, "gbọ́dọ̀" ló kún gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni: "ẹ gbọ́dọ̀", "ẹ ṣe é fún un", "ẹ rò ó wò bóyá yóò bá a lára mu", kálukú ní àyè tirẹ̀.

Gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù jù nínú àpẹẹrẹ náà ni "Ẹ gbé aláìsàn dìde kíákíá." Ní 2015, èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní AVERT jáde. Aláìsàn 2,104 ló kópa, ní orílẹ̀-èdè 5, Ọsirélíà wà lára wọn. Wọ́n tètè ń mú àwọn kan kúrò lórí ibùsùn, lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ṣe ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù 3, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àkọ́kọ́ ló gbádùn dé ibi tó dára. Nínú àwọn yòókù, ìdá 50 ni. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ìsọ̀rí méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn tí àrùn náà kọlù wọ́n. Bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó ló jọ pé ó dá ìyàtọ̀ sílẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí NICE fi sọ pé ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ kó tó lè jókòó, dúró tàbí rìn, kí wọ́n má ṣe fún un ní ìgbéra alágbára láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́.

"Kíákíá" kò lè gbé èyí. Ìkánjú ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: "ní kété tí ara rẹ̀ bá lè gbà á", ká sì fi "díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́" tì í, torí nígbà tí wọ́n tún èsì náà yẹ̀ wò, ìdáraya kúkúrú tó ń wáyé léraléra ló jọ pé ó sàn jù. Ṣùgbọ́n kí "díẹ̀díẹ̀" náà má kọjá àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ o. Ìlànà NICE ti 2023 ní kí wọ́n fún ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á ní ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò fún wákàtí 3 lójúmọ́ ó kéré tán, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ẹni tó bá rántí "díẹ̀díẹ̀" nìkan yóò jẹ́ kí oṣù wọnú oṣù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a ní láti wá: agbára tí ènìyàn fi ń jókòó tàbí dúró láìgbò sọ́tùn-ún sósì. "Ìdúródéédéé" ò gba ìjókòó mọ́ra. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Oǹdó, kí lẹ ń sọ nílé bí ọmọ ọwọ́ bá ti ń jókòó tí kò ṣubú mọ́?