Ta ni olókùú? Lórí “òkú ìjọba” àti àwọn tó jọ du ipò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tí a ń bá yí láti ọjọ́ mẹ́ta kò gùn. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe pe irú ìsìnkú tí ìjọba máa ń ṣe fún olórí orílẹ̀-èdè, àti bí òun yóò ṣe pe àwọn tó ti bá olóògbé fa wàhálà ìbò tí wọn yóò jókòó sí iwájú pósí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ní “òkú ìjọba” ni, pé “ọ̀tá òṣèlú” sì ni àwọn tó jókòó yẹn. Ẹlòmíràn ní “ìsìnkú ìjọba” àti “abánidíje”. Àbúrò wa kan ní Ìbàdàn wá gbé “orogún òṣèlú” kalẹ̀, ibẹ̀ ni ariwo ti sọ. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Lójú tèmi, a ń jà lórí orúkọ àlejò nígbà tí a kò tíì mọ onílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú “ìsìnkú ìjọba”. Bí mo bá ní “ìsìnkú bàbá mi”, bàbá mi ni wọ́n sin. “Ìsìnkú Lágbájá”, Lágbájá ló kú. Ẹni tó bá gbọ́ “ìsìnkú ìjọba” lójijì lẹ́nu rédíò, ìjọba ni yóò kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ gbé sin. Òye kejì wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé ìjọba ló ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n olùgbọ́ ní láti padà sẹ́yìn kó tó bá a, ìròyìn kì í sì í dúró de ẹni tó padà sẹ́yìn.

“Òkú ìjọba” le ju ìyẹn lọ. Òkú ní èdè wa kì í ṣe ara tó dákẹ́ nìkan. “Mo ń lọ síbi òkú,” ayẹyẹ ni mò ń lọ. “Wọ́n fẹ́ ṣe òkú màmá wọn,” ìnáwó ni. Nítorí náà ẹni tó mú àbá yìí wá kò ṣìnà. Àmọ́ ọkọ̀ ìjọba, ilé ìjọba, owó ìjọba, ilẹ̀ ìjọba: ìjọba ló ni gbogbo wọn. Bí a bá ti ní òkú ìjọba, ohun tí etí Yorùbá máa gbọ́ ni pé ìjọba ló ni òkú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Olókùú ni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òun là ń lọ kí, òun là ń wí fún pé “ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè”. Òun ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín, ibi tí wọ́n máa gbẹ́, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò ní sọ. Gbogbo ẹni yòókù tó bá wọlé, àlejò ni, ì báà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogún. Ìmẹ̀tọ́mọ̀wà níbi òkú, orí èyí ló dúró lé: kí olókùú mọ ara rẹ̀ ní olókùú, kí àlejò mọ ara rẹ̀ ní àlejò. (Mo rí i tí àwọn kan ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìlànà ìbọ̀wọ̀ níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. “Ìmẹ̀tọ́mọ̀wà” ti wà nílẹ̀, ó sì tó.)

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ọkùnrin méjì tó ti jọ du ipò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa wá kí wa lọ́jọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Wọn kò kí ara wọn láti ọjọ́ ìbò. Ẹni àkọ́kọ́ ti wà lórí àga onígi lábẹ́ kánópì nígbà tí ìkejì dé. Ìkejì rí i, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i pẹ́. Nígbà tó dìde, àga kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹ̀gbẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ló sì wà. Ó dúró. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì kékeré síwájú àga méjèèjì, ó fúnra rẹ̀ gbé àwo ọ̀fadà kan ṣoṣo lé e, pẹ̀lú ṣíbí méjì. Ó wá ní, “Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ọkọ mi ló kú, kì í ṣe ìbò la wá dì.” Wọ́n jẹ ẹ́. N kò lè sọ pé wọ́n di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn nínú àgbàlá yẹn tó lè ṣe ohun tí ìyá mi ṣe. Olókùú ni.

Ẹ wá gbé ìyẹn lọ sí Zambia. Edgar Lungu ṣe ààrẹ níbẹ̀ láti ọdún 2015 títí di 2021, Hakainde Hichilema sì ni ó ń bá a du ipò. Lọ́dún 2017, wọ́n ní ọkọ̀ Hichilema kò yà fún ọkọ̀ ààrẹ lójú ọ̀nà Mongu. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi kàn án, ó sì lo bí oṣù mẹ́rin látìmọ́lé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ó na Lungu nínú ìbò. Lungu kú ní ilé ìwòsàn kan ní Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 68. Ẹbí rẹ̀ ní ó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí Hichilema má ṣe sún mọ́ òkú òun.

Ìjọba àti ẹbí jọ ṣàdéhùn, àdéhùn náà fọ́. Ẹbí múra láti sin ín sí Gúúsù Áfíríkà níbẹ̀ lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ ní Pretoria dá a dúró. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹjọ, ilé ẹjọ́ gíga dá a pé ìjọba Zambia lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé òkú náà lọ sílé kí wọ́n sì sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ààrẹ. Arábìnrin olóògbé bú sẹ́kún nínú kóòtù, ó ń pariwo mọ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Ẹbí ní àwọn yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Àwọn kan nínú wa kọ ọ́ pé ẹbí yìí kò mọ̀wà hù, pé ikú ló yẹ kó parí ìjà. N kò gbà. Ká ní Hichilema fẹ́ wá kí wọn bí àlejò ni, mo lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n níbi irú ìsìnkú yẹn, ààrẹ tó wà lórí oyè kì í ṣe àlejò. Òun ló ń ṣe alága, òun ni ọ̀rọ̀ parí sí lẹ́nu rẹ̀, ìjọba rẹ̀ ló ń yan ilẹ̀ àti ọjọ́. Ẹni tó bá olóògbé du ipò ló di olókùú rẹ̀, ìyàwó àti ọmọ wá di àlejò tí wọ́n pín àga fún. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, ohun tí wọ́n ń kọ̀ sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdí tó jìn. Kenneth Kaunda, ààrẹ àkọ́kọ́ Zambia, kú lọ́jọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 97. Ẹbí ní ẹ̀gbẹ́ Betty ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Ìjọba ní Embassy Park ni, ní Lusaka, níbi tí àwọn ààrẹ tó ti kú wà. Ọmọ rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, kò rí i gbà, wọ́n sì sin Kaunda sí Embassy Park lọ́jọ́ 7 oṣù keje. Ta ni ààrẹ nígbà náà? Lungu ni. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Nítorí náà mo gbà pé “òkú ìjọba” ní àyè tirẹ̀. Ohun tí wọ́n dá ní kóòtù lórí Kaunda àti lórí Lungu, òkú ìjọba gan-an ni: ìjọba ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ká má fi pe gbogbo ìsìnkú tí ṣọ́jà bá ti yan níbẹ̀.

Èyí tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa oníròyìn ni “ẹ̀yẹ ìkẹyìn ìjọba”. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe: “ìjọba” so mọ́ ẹ̀yẹ, kò so mọ́ òkú. Ìjọba ló ni ẹ̀yẹ, ẹbí ló ni òkú. Bó ṣe rí ní Daura nìyẹn lọ́jọ́ 15 oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí wọ́n sin Muhammadu Buhari tó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ṣọ́jà gbé e, Ààrẹ Tinubu wà níbẹ̀, ìjọba kéde ìsinmi, àmọ́ inú ọgbà ilé rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. “Ìjọba àpapọ̀ ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún Buhari ní ilé rẹ̀ ní Daura.” Ẹ kà á sókè, kò há ẹnikẹ́ni lọ́fun.

Ẹnì kan máa sọ pé àwa náà ní òkú tí kì í ṣe ti ẹbí, ìyẹn òkú ọba. Òótọ́ ni. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni, àwọn awo ló sì máa ń sọ pé àwọn ni àwọn ni ín. Ọjọ́ tí Buhari kú gan-an ni Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona wàjà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù, àwọn agbófinró dúró ti ibẹ̀, àwọn awo Òṣùgbó kò sì rí àyè wọlé. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe lọ́dún 2021 lórí ọ̀rọ̀ ọba ni wọ́n tọ́ka sí. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níbí. Mo mú un wá kí ẹ lè rí i pé “ta ni olókùú” kì í ṣe ìbéèrè tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó wá ku àwọn tó jókòó níwájú pósí. “Ọ̀tá òṣèlú” ni mo lòdì sí jù. Gbólóhùn kan ni mo fi ń dán an wò. Lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ní kàtídírà ńlá ní Washington. Ààrẹ márùn-ún, ti àná àti ti òní, ló wà níbẹ̀. Obama àti Trump jókòó ti ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mike Pence, tó ṣe igbákejì Trump rí, dìde, ó bọ Trump lọ́wọ́. Ìyàwó Pence kò dìde. Níbẹ̀ ni Steven, ọmọ Gerald Ford, ti dìde ka ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ sílẹ̀ kó tó kú lọ́dún 2006. Carter ló gba ipò lọ́wọ́ Ford nínú ìbò ọdún 1976. Àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi ìsìnkú Anwar Sadat, ààrẹ Íjíbítì, ní Cairo lọ́dún 1981, nínú ìrìn àjò yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n ṣàdéhùn pé àwọn yóò sọ̀rọ̀ níbi òkú ara wọn. Carter sọ tirẹ̀ ní Grand Rapids ní oṣù kìíní ọdún 2007. Òkú Ford ló wá san tirẹ̀ padà ní ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ tí Ford kọ ni pé fún ìgbà díẹ̀, àyànmọ́ fi òun àti Carter ṣe, ẹ fi ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ ni àwọn. Bí ẹ bá fi “ọ̀tá” síbẹ̀, ẹ ti pa gbólóhùn náà, nítorí Ford kò sọ pé Carter ṣe òun ní ibi kankan. “Abánidíje” mú mi rántí eré ìje àti ìdíje ilé ìwé. “Orogún” dùn létí mi, n kò ní parọ́. Àwọn tó jọ ń pọn omi odò kan náà ni ọ̀rọ̀ Látìn tí Òyìnbó ti fa “rival” tiwọn yọ ń sọ, orogún sì ń pọn omi kan náà. Àmọ́ ìjà orogún kì í parí nígbà tí baálé bá kú. Ìgbà náà ni ogún pínpín ń bẹ̀rẹ̀. Ó bá Zambia mu, kò bá Ford mu.

Èyí tí mo mú ni “abánidupò”. Ẹni tó bá ni du ipò ni. Ipò ló wà láàárín, kì í ṣe ẹ̀mí ẹni, bí ipò bá sì ti kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń du mọ́. “Fún ìgbà díẹ̀, àyànmọ́ sọ èmi àti Jimmy Carter di abánidupò ara wa.” Bí mo bá fẹ́ kà á lórí rédíò, bí mo ṣe máa kà á nìyẹn.

Mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí Mathieu Kérékou, ààrẹ Benin nígbà kan rí, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, kí ni wọ́n pe ìsìnkú rẹ̀ lórí rédíò lọ́dọ̀ yín, kí ni wọ́n sì pe Nicéphore Soglo, tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1991, tí Kérékou náà tún gbà á padà lọ́wọ́ Soglo ní 1996?